Bàbá mi ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóru: ẹ̀yin tójú yín ti rí irú rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Mo wá kí bàbá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Yàrá tí mo sùn sí ló kangun sí balùwẹ̀. Láti aago 11 alẹ́ títí di ìdájí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn dún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wo aago mi: wọ́n lò tó ìṣẹ́jú 7 níbẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, ó ń ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo rò pé wọ́n fẹ́ wẹ̀ ni. Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ ìtọ̀ náà. Ó kán, ó dúró, ó tún kán, bí ìgbà tí òjò ti dá tán tí òrùlé ṣì ń jò.

Lójú ọ̀sán, mo rí i pé ṣòkòtò dúdú nìkan ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn aṣọ funfun ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ sin ìyá rẹ̀ ní Èkó, wọn ò lọ. Wọ́n ní ọ̀nà jìn. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé àwọn ti ń mu agbo. Obìnrin ni mí, ọmọ wọn sì ni mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bèèrè èyí tó kù lẹ́nu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Adúkẹ́:
Àbúrò mi, o kú àmójútó bàbá. Ọdún 14 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ìtọ̀. Ohun tó o kọ yìí jọ ti pírósítéètì tó wú gan-an. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí yẹn, ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìró omi lè bá wọn pe ìtọ̀ jáde.

Pírósítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí ọkùnrin nìkan ní. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka ṣe ń yí ìka ká. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ ju awùsá kan lọ. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, òun náà á máa tóbi sí i, nígbà mìíràn á tó ọsàn, òrùka yẹn á wá máa fún ọ̀nà ìtọ̀. Nínú àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 51 sí 60, ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì wọn. Lára àwọn tó ti lé ní 80, ó lè tó 9 nínú 10. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Kì í ṣe àtọ̀sí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ òun àti jẹjẹrẹ pírósítéètì lè jọ wà lára ẹnì kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò.

Ìbéèrè 7 ni àwọn dókítà fi ń wọn bó ṣe le tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 5. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn: ṣé wọ́n ń tọ̀ tán tó ń dà bíi pé ó ṣì kù nínú? Ṣé kì í tó wákàtí 2 tó tún fi ń gbọ̀n wọ́n? Ṣé ó ń dá dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀? Bó bá gbọ̀n wọ́n, ṣé ó máa ń ṣòro fún wọn láti mú un mọ́ra? Ṣé kò lágbára mọ́ bó ṣe ń jáde? Ṣé wọ́n ń fipá tì í kó tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde lóru? Kí wọ́n ro ó pọ̀. Bó bá jẹ́ 0 sí 7, kò le. 8 sí 19, ó ti wà láàárín. 20 sí 35, ó le. Olùkọ́ ni bàbá rẹ; fún wọn ní bébà àti bíírò kí wọ́n fúnra wọn máàkì rẹ̀. Wọn ò ní láti sọ ọ́ lójú rẹ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o fi ọgbọ́n wò: ṣé bẹ́ẹ̀dì wọn máa ń tutù láàárọ̀? Bí àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ó lè jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ti kún dé ẹnu, tó wá ń ṣàn bo ara rẹ̀. Ìtọ̀ yẹn lè ti máa ti kíndìnrín lẹ́yìn láìsí ìrora kankan. Mo ti rí ẹbí tó gbé irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè fún àdúrà oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, kíndìnrín ti ń kọṣẹ́. Tó o bá rí bẹ́ẹ̀dì tó tutù, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí ibà pẹ̀lú ìtọ̀ tó ń ta wọ́n, ọ̀la ni kí ẹ lọ, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Ẹni ọdún 63 ni ọkọ mi nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń pẹ́ nínú ilé ìtọ̀, a kàn ń pè é ní àgbà. Ọjọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Àbújá, òtútù mú un, imú ń ṣomi. Ó ra oògùn kàtá ní kẹ́míìsì ẹ̀bá gáréèjì, ó lò ó, ó wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Lọ́kọ́ja, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kán kan ò jáde. Ó ní ìrora yẹn ju ti ẹsẹ̀ tó kán nígbà tó wà léwe.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Wọ́n ní ìtọ̀ ò jáde, wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí èèyàn tọ̀. Ẹ rò ó wò: odò ò rí ọ̀nà lọ, ẹ tún wá ń bu omi kún un. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú bíi ti aláboyún oṣù márùn-ún. Ilé ìwòsàn kejì ni wọ́n ti ti rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde bọ ojú ara rẹ̀. Mo dúró tì í níbẹ̀ nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ìwé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì: mílílítà 1,300 ló tú jáde. Wọ́n ní 400 sí 500 ni àpò ìtọ̀ máa ń gbà dáadáa.

Oògùn kàtá yẹn ló ti ilẹ̀kùn tó ti fẹ́ẹ́ pa dé pátápátá, bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyẹn. Tìtorí Ọlọ́run, ẹ wo ohun tí bàbá ń gbé mì.

Nọ́ọ̀sì_Adúkẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Òótọ́ ni. Oògùn kàtá tí wọ́n fi pseudoephedrine sí máa ń mú kí ẹnu ọ̀nà àpò ìtọ̀ fún pọ̀. Piriton tí gbogbo wa ní nílé náà lè mú kí àpò ìtọ̀ máà lágbára láti tì í jáde. Ẹni tí pírósítéètì rẹ̀ ti wú gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn kó tó ra èyíkéyìí. Ọtí náà lè dá a sílẹ̀ lójijì, pàápàá àwọn agbo tí wọ́n fi ògógóró sè.

Olùdarí_Ìkànnì:
Mo ti yọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tí wọ́n wá polówó agbo àti nọ́ńbà fóònù síbí. Ẹni tó bá ti lo nǹkan kan lè sọ ìrírí rẹ̀. Ẹ má ṣe tajà.

Bàbá_Àjàní_Ìbàdàn:
Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, ẹni ọdún 71 ni mí. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ, torí mo ti wà nínú ṣòkòtò dúdú yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó sí ìjókòó ìgbẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè tètè bọ́ síta. Ìyàwó mi rò pé mo ti ń sá fún òun ni, torí mo kó lọ sùn ní pálọ̀. Ìtìjú ni. Ọkùnrin á rò pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀, wọ́n á ní agbára òun ti tán.

Má ṣe bá wọn jà sí i. Wá ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti ṣe àyẹ̀wò rí, kó wá jókòó tì wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é fún mi. Ó kàn sọ pé, "Àjàní, èmi náà ń dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló tú mi sílẹ̀.

Dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀, tí wọ́n ń pè ní urologist, ni kí ẹ wá. Á ti ìka kan tó wọ ìbọ̀wọ́ sí ìdí wọn, ìyẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì dùn mí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún PSA, ìyẹn èròjà kan tí pírósítéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, àti fún kíndìnrín, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á sì ṣe síkáànì kí wọ́n tó tọ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀ tán, láti mọ èyí tó ṣẹ́kù nínú. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò pẹ̀lú, torí àtọ̀gbẹ náà ń mú kí èèyàn máa dìde lóru.

Hóró oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, tamsulosin, ẹyọ kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ìyàtọ̀. Ó máa ń mú kí ojú mi ṣú bí mo bá dìde fùú, nítorí náà mo kọ́ láti kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rántí èyí: bí bàbá bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kí wọ́n sọ fún dókítà ojú pé àwọn ń lò ó tàbí pé àwọn ti lò ó rí. Wọ́n wá fi finasteride kún un. Ìyẹn ló ń mú kí pírósítéètì sún kì, ṣùgbọ́n ó ń tó oṣù 6, ó sì ń mú PSA wálẹ̀ sí ìdajì. Ẹni tó bá ń ka èsì yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀, kó má bàa rò pé ara dá ṣáká.

Oògùn gbé mi fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìtọ̀ tún sé lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣe iṣẹ́ abẹ pírósítéètì tí wọ́n ń pè ní TURP. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ara mi kú tipiri, wọ́n gba ojú ara wọlé, wọ́n ń bó inú pírósítéètì díẹ̀díẹ̀. Wọn ò la ikùn mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò pẹ̀lú rọ́bà, omi ń wọlé, omi pupa ń jáde títí tó fi mọ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà, mo tọ̀, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ìgò, mo sì sunkún.

Ayọ̀_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni ọdún 49 ni mí, mo ti ń rí díẹ̀ nínú gbogbo èyí lára mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìyàwó fẹ́ ni, a ṣì ń retí ọmọ. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ yẹn tán, ọkùnrin ò lè bímọ mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Adúkẹ́:
O ṣeun tó o bèèrè, torí ìbéèrè yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá, wọn kì í sì í là á lẹ́nu. Lẹ́yìn TURP, lára ọ̀pọ̀ jù lọ, àtọ̀ kì í jáde síta mọ́. Inú àpò ìtọ̀ ló ń padà sí, èèyàn á sì tọ̀ ọ́ jáde. Adùn rẹ̀ máa ń wà, nǹkan ọkùnrin sì ṣì máa ń le fún ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n oyún á ṣòro. Tamsulosin náà lè dín àtọ̀ kù, ìyẹn á padà bí o bá dáwọ́ oògùn dúró. Nítorí náà, sọ fún dókítà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé o ṣì fẹ́ bímọ. Àwọn iṣẹ́ kékeré kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ṣé ẹnì kan ti ṣe é?

Àkànbí_Peckham:
Èmi rè é. UroLift ni mo ṣe, ní ọmọ ọdún 58. Kò sí gígé, kò sí jíjó. Ẹ fojú inú wo kọ́tìnnì méjì tó pàdé lójú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ò lè wọlé. Wọ́n fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi okùn dè wọ́n mọ́ ògiri. Ohun tí wọ́n ṣe nínú mi nìyẹn, okùn tín-tìn-tín mẹ́rin. Mo wọlé láàárọ̀, mo wà nílé lálẹ́, kò sí rọ́bà. Ìtọ̀ ń ta mí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ hàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ní báyìí ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń dìde lóru. Àtọ̀ mi ń jáde bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn o. Níbí, NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba máa lò, fọwọ́ sí i fún ẹni tó ti pé 50 ọdún, tí pírósítéètì rẹ̀ wà láàárín mílílítà 30 sí 80. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú mi. Wọ́n sì sọ fún mi tààrà pé nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 5 nínú ìwádìí, nǹkan bí 14 nínú 100 ló tún padà wá ṣe iṣẹ́ mìíràn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin wa ní ìlú ọba, ọ̀kan nínú mẹ́rin àwa aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ pírósítéètì ń mú nígbà ayé rẹ̀ níbí, ó sì lè má fi àmì kankan hàn. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìtọ̀ bá sé kí ẹ tó bá GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé yín, sọ̀rọ̀ PSA. Láti ọdún 45 ni.

Bọ̀dá_Houston:
Rezum ni tèmi, ọ́fíìsì dókítà ni wọ́n ti ṣe é. Ooru omi ni wọ́n ń fẹ́ sínú ẹran tó wú yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 9 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹran náà á kú, ara á sì gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ tí wọn kì í tẹnu mọ́ tó ni pé ó máa ń burú kó tó dára. Rọ́bà wà lára mi fún ọjọ́ 5. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo bínú sí ara mi pé mo ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó yí padà. Oṣù kẹta, mo wakọ̀ láti Houston dé Dallas láìdúró. Àwọn tó tún padà ṣe iṣẹ́ mìíràn láàárín ọdún 5 kéré sí ti UroLift, 4 sí 5 nínú 100. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ kankan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Adúkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un. Ọ̀kan ni kí wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ tàbí abẹ́nú ìtan wọlé, kí wọ́n fi ilẹ̀kẹ̀ wíníwíní dí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ pírósítéètì, kó lè sún kì. Ní São Paulo ni Dókítà Carnevale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Dókítà tó ń fi àwòrán X-ray ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é. Èkejì ni HoLEP, tí wọ́n ń fi iná laser bó o kúrò nínú èèpo rẹ̀. Ìyẹn ń gba pírósítéètì tó tóbi gan-an, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ àtọ̀, bíi TURP ló rí.

Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ilé wa, oògùn, TURP àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń la ikùn ṣe ló ṣì wọ́pọ̀ jù. Bí ilé ìwòsàn aládàáni kan bá ní àwọn ń ṣe àwọn tuntun yìí, ẹ bi wọ́n: èèyàn mélòó lẹ ti ṣe é fún níbí? Báwo ni pírósítéètì bàbá mi ṣe tóbi sí, ṣé ó bá a mu? Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ló kàn? Owó tẹ́ ẹ pè yìí, ṣé rọ́bà àti yíyọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Bí kíndìnrín bá sì ti ń bàjẹ́, tàbí òkúta ti wà nínú àpò ìtọ̀, tàbí ìtọ̀ ń sé lemọ́lemọ́, àwọn iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí lè má tó. Ohun tó bá máa ṣí ọ̀nà dáadáa ni kí ẹ gbà.

Àbẹ̀kẹ́, ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó rí dókítà, jẹ́ kí bàbá fi ife oníìlà wọn ìtọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ aago àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Fún PSA, kí wọ́n má bá obìnrin lò fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì má gun kẹ̀kẹ́ ológeere.

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Mo pe ọ̀rẹ́ bàbá tó wà ní Èkó, ẹni tó sin ìyá rẹ̀. Ó wá fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò látàárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Nígbà tí mo gbé omi lọ, bàbá sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, wá ife oníìlà yẹn wá."

Máàkì wọn jẹ́ 21. A ti rí dókítà. Pírósítéètì wọn jẹ́ mílílítà 62. Lẹ́yìn tí wọ́n tọ̀ tán, 180 ṣì kù nínú. Kíndìnrín dára. Ṣúgà dára. PSA jẹ́ 3.1, dókítà ní òun ò rí ohun tó ba òun lẹ́rù nínú ìyẹn àti nínú ohun tí ìka òun bá, ṣùgbọ́n wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ti fún wọn ní tamsulosin, wọ́n ní kí agbo dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ó padà lọ, ìgbà náà ni wọ́n á sọ bóyá oògùn tó tàbí ká máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá ti kọ ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀kan kún un tí wọn ò jẹ́ kí n kà.

Inú ìwé rẹ́jísítà àtijọ́ kan ni wọ́n ń kọ ti ìtọ̀ sí, pẹ̀lú bíírò pupa, ìlà wọn tọ́ bíi ti ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ìlà àkọ́kọ́ kà pé: "1:40 òru, 90, ó ń kán." Ti àárọ̀ òní: "4:15 ìdájí, 260, ó ṣàn."